Àwo Oòrùn Tí Gbogbo Ilé Wa Yí

Wọ́n kọ ọ́ sí ara ohun tí bàbá mi ṣe pé a kò mọ ẹni tó ṣe é, irọ́ gbáà sì ni. Mo fi ojú ara mi kà á. Inú yàrá kan tí ọ́fíìsì ìjọba kan ń kó àwọn nǹkan àtijọ́ sí ni mo ti bá a, lórí pẹpẹ, eruku bò ó, díẹ̀ nínú dígí rẹ̀ ti já, wọ́n sì fi okùn so páálí pélébé kan mọ́ ọn létí. Wọ́n kọ ibi tí wọ́n ti rí i: Mọ́kọ́lá, Ìbàdàn. Wọ́n kọ ohun tí a fi ṣe é: sìmẹ́ǹtì àti àfọ́kù dígí. Níbi tó yẹ kí orúkọ wà, wọ́n ní a kò mọ̀ ọ́n. Mo ti darúgbó, mo sì ti fi ọ̀pọ̀ ọdún kọ́ àwọn ọmọ ọlọ́mọ ní físíìsì ní yunifásítì. Mo mọ bí ènìyàn ṣe ń kọ ohun tí kò mọ̀, mo sì mọ bí ènìyàn ṣe ń kọ ohun tí kò fẹ́ mọ̀. Ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n. Àwọn tó gbé nǹkan yìí lọ jókòó nínú àgbàlá wa, wọ́n jẹ ẹ̀kọ wa, wọ́n béèrè orúkọ, a sì sọ fún wọn.

Bí mo bá di ojú, ilé náà á padà wá bá mi, ohùn rẹ̀ ló sì máa ń ṣáájú. Fèrè ọkọ̀ ojú irin láti Dùgbẹ̀, tí atẹ́gùn ń gbé gba orí òrùlé páànù kọjá. Ìpè àdúrà láti Sábó. Asọ̀rọ̀mágbèsì tí wọ́n kàn mọ́ ògiri yàrá Bàbá Ràbíù, alábàágbé wa, tó ń sọ̀rọ̀ láti àárọ̀ fún ewúrẹ́ àti adìyẹ tí kò gbọ́ ohun tó ń wí. Lábẹ́ gbogbo rẹ̀, òòlù bàbá mi lára rímù, tíń, tíń, tíń, bí ẹni ń kan ilẹ̀kùn tí kò kánjú kí wọ́n ṣí i fún òun. Kẹ̀kẹ́ ni bàbá mi ń tún ṣe. Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ni wọ́n, onítẹ̀bọmi, ẹnu wọn kì í sì í dákẹ́. Wọ́n á bá kẹ̀kẹ́ sọ̀rọ̀, wọ́n á bá oníkẹ̀kẹ́ sọ̀rọ̀, bí kò bá sí ẹnì kankan, wọ́n á bá pọ́ǹpù sọ̀rọ̀. Ìyá wọn, tí gbogbo wa ń pè ní Ìyá Àgbà, a máa wí pé, "Àkànjí, lọ́jọ́ tí o bá kú, ẹnu rẹ á kọ́kọ́ béèrè pé ta ló ń gbẹ́ ilẹ̀ yẹn."

Ẹ̀kọ ni ìyá mi ń dá. Ẹ̀yìn wọn ni mo rántí ju ojú wọn lọ, nítorí ọ̀dọ̀ iná ni ojú wọn máa ń kọ sí. Orógùn á wà lọ́wọ́ ọ̀tún, etí aṣọ á wà lọ́wọ́ òsì. Wọ́n á ro ògì, wọ́n á nu ojú, wọ́n á tún ro ògì. Èmi ni mò ń nu ewé gbòdògì, tí mò ń tò ó sórí igbá dè wọ́n. Èéfín igi tútù á gba ẹ̀yìnkùlé, á fẹ̀yìn ti ògiri bí àlejò tí kò ní ibi tó ń lọ. Ojú ìyá mi ń pọ́n, ó ń ṣomi, nígbà tó sì yá, mo rí i tí wọ́n ń fi ọwọ́ wá etí ìkòkò kí wọ́n tó ki igbá bọ̀ ọ́. "Èéfín ni," ni wọ́n máa ń wí. "Ta ni kì í rí èéfín?" Ìyá Àgbà kò gba ìyẹn gbọ́. Wọ́n pe bàbá mi, wọ́n ní, "Ojú ni alákàn fi ń ṣọ́rí. Bí ti ìyàwó rẹ bá lọ, kò sí ọjà tí wọ́n ti ń ta òmíràn." Bàbá mi gbé òòlù wọn sílẹ̀. Bí bàbá mi bá gbé òòlù sílẹ̀, ọ̀rọ̀ náà ti wọ̀ wọ́n lára nìyẹn.

Ọ̀sán ọjọ́ kan nínú ẹ̀ẹ̀rùn ni gbogbo rẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Tíṣà Ọlájídé, tó ń kọ́ni ní ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ àdúgbò, gbé kẹ̀kẹ́ wá pé iná iwájú rẹ̀ kò tàn mọ́. Bàbá mi tú iná náà, wọ́n mú àwo kékeré tó ń dán, tó máa ń wà lẹ́yìn gílóòbù, wọ́n kọ ojú rẹ̀ sí oòrùn láti wo ìpẹtà ara rẹ̀, wọ́n sì ti ìka bọ ojú ibi tí gílóòbù ń gbé. Ó jó wọn. Wọ́n jù ú sílẹ̀. Wọ́n tún he é, wọ́n tún ti ìka bọ̀ ọ́, ó tún jó wọn. Ìsọ̀ Bàbá Ràbíù, ará Ìsẹ́yìn tó ń ṣe férémù fọ́tò, ló kángun sí tiwa.

"Ràbíù, wá ti ìka bọ ibí yìí."

"Kí ló wà níbẹ̀?"

"Ṣá ti ìka bọ̀ ọ́ ná."

Bàbá Ràbíù ti ìka bọ̀ ọ́, wọ́n sì fò sẹ́yìn. "Ìwọ ọkùnrin yìí, ọjọ́ tí o bá gbọ́n, gbogbo Mọ́kọ́lá ni yóò jóná."

"Kò sí iná níbẹ̀," ni bàbá mi wí. "Oòrùn lásán ni. Bí èyí tí kò kún àtẹ́lẹwọ́ bá lè jó ọ báyìí, èyí tó bá tó báàfù ńkọ́? Ṣé kò ní se ẹ̀kọ?"

Bàbá Ràbíù rẹ́rìn-ín títí wọ́n fi di ògiri mú. "Ẹ wá gbọ́ o. Àkànjí fẹ́ kó oòrùn wálé fún ìyàwó ẹ̀."

Ní gbogbo ẹ̀ẹ̀rùn yẹn, àwo ńlá náà ni bàbá mi ń wá. Wọ́n lu páànù kí ó lè tẹ̀, ó ya. Wọ́n fi amọ̀ mọ ọ́n, ó sán. Wọ́n gé akèrègbè ńlá sí méjì, wọ́n lẹ bébà tó ń dán sí i nínú, ìmọ́lẹ̀ kàn fọ́n káàkiri inú rẹ̀ bí àwọn ọmọ tí a kò rán níṣẹ́. Ìyá mi ló yanjú rẹ̀. Wọ́n ń po ògì nínú báàfù láàárọ̀ ọjọ́ kan, bàbá mi sì dúró tì wọ́n, wọ́n ń wo inú báàfù náà ṣáá.

"Kí ni ẹ ń wò?" ni ìyá mi bi wọ́n.

"Bí o ṣe ń yí i, àárín ń rì, etí ń gòkè. Ó rí bí àwo iná kẹ̀kẹ́."

"Ohun tí ẹ ti ń wá kiri láti ọjọ́ yìí nìyẹn? Ojoojúmọ́ ni mo ń rí i. Ẹ ò bi mí ni."

Lọ́pọ̀ ọdún lẹ́yìn náà, nínú kíláàsì, olùkọ́ wa ya àwòrán omi tó wà nínú ohun èlò tó ń yí sójú pátákó, ó sì sọ orúkọ ìlà tí ojú omi náà ń fà, àti ìdí tí ìlà náà fi ń kó gbogbo ìmọ́lẹ̀ oòrùn jọ sí ojú kan. Gbogbo kíláàsì ń kọ ọ́. Èmi ń gbọ́ òórùn ògì. Mo ti mọ ìlà náà kí n tó mọ orúkọ rẹ̀, ìyá mi ló fi hàn mí pẹ̀lú orógùn.

Bàbá mi ri òpó kúkurú kan mọ́ àárín àgbàlá, wọ́n dá àgbá kẹ̀kẹ́ dùbúlẹ̀ sórí rẹ̀ kí ó lè máa yí gbirigbiri, wọ́n sì de báàfù mọ́ ọn lórí. Èrò wọn ni pé kí a po sìmẹ́ǹtì kí ó ṣàn bí ògì, kí a dà á sínú báàfù, kí a máa yí i títí yóò fi dì pẹ̀lú kòtò rẹ̀ nínú. Ṣùgbọ́n sìmẹ́ǹtì kì í dì bí ẹ̀kọ. Ó ń gba ọ̀sán gbáko, apá ẹnì kan á sì ti kú kí ó tó dì. Bí wọ́n bá sì dúró díẹ̀ láti sinmi, àárín á kún padà. Bàbá mi ronú sí i, wọ́n ní, "Ọ̀wẹ̀ ni." Ohun tí wọ́n ń ṣe ní Ògbómọ̀ṣọ́ nìyẹn bí ẹnì kan bá fẹ́ ṣán oko tàbí kí ó bo ilé: á pe ará, á pe ọ̀rẹ́, á se oúnjẹ, iṣẹ́ tí ì bá gba ẹnì kan lóṣù á sì parí lọ́jọ́ kan. Bàbá Ràbíù ní, "Ọ̀wẹ̀ oko wo? Mi ò rí oko lọ́wọ́ rẹ." Bàbá mi na ìka sókè sí oòrùn. "Oko yẹn."

Wọ́n wá lọ́jọ́ Sátidé. Bàbá Ràbíù wá, Tíṣà Ọlájídé wá, Màlámù Sáání tó ń ta obì ní Sábó wá, Ìyá Eléwé tó ń kó ewé ẹ̀kọ wá fún wa wá pẹ̀lú àwọn ọmọ rẹ̀. Ìyá mi se ọ̀lẹ̀lẹ̀. Kò sí ẹni tó béèrè pé kí ni a fẹ́ fi ṣe. Ọ̀wẹ̀ ni wọ́n pè wọ́n sí, ẹni tí a pè sí ọ̀wẹ̀ kì í béèrè ohun tí onílé fẹ́ gbìn. Àṣìṣe wa àkọ́kọ́ ni pé a fi agbára ṣe é. Olúkúlùkù fẹ́ kí wọ́n rí i pé òun kò ya ọ̀lẹ, wọ́n sì ń yí àgbá náà bí ẹni ń lé ológbò. Nígbà tí sìmẹ́ǹtì dì, ó jìn kòtòkòtò. Bàbá mi bojú wò ó. "Odó ni a mọ," ni wọ́n wí, gbogbo ilé sì rẹ́rìn-ín. Màlámù Sáání ní kí wọ́n fún òun, òun á fi gún ata.

Nígbà tí a pe ọ̀wẹ̀ kejì, Ìyá Àgbà gbé ọlọ wọn síwájú, wọ́n jókòó tì í. "Ẹ tẹ̀lé ọlọ mi," ni wọ́n wí. "Ẹni tó bá ṣáájú ọlọ mi tàbí tó bá rẹ̀yìn kò ní jẹ ọ̀lẹ̀lẹ̀." Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í lọ ata, ọmọ ọlọ ń lọ, ó ń bọ̀, hùúù, hùúù, a sì ń yí àgbá náà mọ́ ọn, bí apá ẹnì kan bá ro, ẹlòmíràn á ti ọwọ́ bọ̀ ọ́ láìjẹ́ kí ó dúró. Èmi náà yí i. Mo rántí bí etí báàfù náà ṣe ń bọ̀ lábẹ́ ọwọ́ mi, ó tutù, ó ń kọjá lọ, ó sì tún ń bọ̀. Ata tán lórí ọlọ, Ìyá Àgbà kò dúró, òfìfo ni wọ́n ń lọ̀. Asọ̀rọ̀mágbèsì ń sọ̀rọ̀ ó ń dákẹ́, oòrùn rọra ń kúrò lára ògiri kan bọ́ sí òmíràn, kò sì sí ẹni tó ń sọ̀rọ̀ mọ́, bàbá mi gan-an kò sọ̀rọ̀. Ó dà bí ẹni pé gbogbo àgbàlá náà ló ń yí, pé àwa ni a dúró sójú kan. Mo ti wọ yàrá ìwádìí ní ìlú òyìnbó láti ìgbà náà, mo ti rí ẹ̀rọ tó ń yí tí kò gbọ̀n rárá. N kò tíì rí èyí tó yí bí ti ọjọ́ yẹn.

Nígbà tí sìmẹ́ǹtì ọjọ́ yẹn dì, ó tẹ̀ bí àwo iná kẹ̀kẹ́. Bàbá Ràbíù ló gé dígí. Àfọ́kù dígí férémù wọn ni wọ́n gé wẹ́wẹ́, kò sí èyí tó ju èékánná àtàǹpàkò lọ, wọ́n sì ń fi sìmẹ́ǹtì tútù tò ó lọ́kọ̀ọ̀kan sínú àwo náà. Lọ́jọ́ tí a gbé e síta, ìmọ́lẹ̀ bò wá mọ́lẹ̀. Ó ń sáré lórí ògiri, ó ń gun ẹ̀yìn ewúrẹ́, ó wọ inú irun Ìyá Àgbà, ó tò sára aṣọ tí a sá bí ẹyẹ wẹ́wẹ́. Bàbá mi so ìkòkò kékeré kọ́ sára irin kẹ̀kẹ́, sí ojú ibi tí gbogbo ìmọ́lẹ̀ náà pàdé. A dúró, dúró, omi kò hó. Ojú ti bàbá mi. Ìyá Àgbà ló súnmọ́ ọn, wọ́n wo ìkòkò náà, wọ́n yíjú sí ìyá mi. "Ta ló fọ ìkòkò yìí?"

"Èmi ni, Màámi. Mo fi iyanrìn fọ ọ́. Mo ní nítorí àlejò."

"Ó ń dán ju dígí lọ. Bí oòrùn bá dé ibẹ̀, ó ń bojú wo ara rẹ̀, ó ń padà. Gbé ìkòkò ẹ̀kọ tó ti dúdú wá."

Wọ́n gbé èyí tí èéfín ọdún mélòó kan ti kùn ní dúdú wá, wọ́n so ó kọ́. Nígbà tó ṣe, a gbọ́ ọ. Ó kọ́kọ́ ń kùn bí ẹni ń sùn, lẹ́yìn náà ni ìdérí bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n. Ìyá mi yí ìkòkò náà ká, wọ́n bẹ̀rẹ̀ wo ìsàlẹ̀ rẹ̀. "Èéfín dà?" ni wọ́n béèrè. Wọ́n da ògì sí i, wọ́n rò ó, wọ́n sì gbójú sókè láìnu ún. Ọjọ́ yẹn ni mo rí ojú ìyá mi nídìí ìkòkò fún ìgbà àkọ́kọ́. Wọ́n lẹ́wà. N kò mọ̀ tẹ́lẹ̀.

Bàbá mi ti ń wọn ilẹ̀ fún àwo ńlá, èyí tí yóò lè gba ìkòkò ọjà ìyá mi, nígbà tí òkìkí èyí tó wà nílẹ̀ dé etí ìjọba. Òyìnbó gíga kan wá pẹ̀lú akọ̀wé rẹ̀, ọmọ Yorùbá bíi tiwa, tó wọ ṣòkòtò péńpé tí wọ́n lọ̀ gbagidi. Ìyá mi fún wọn ní ẹ̀kọ tí oòrùn sè, wọ́n jẹ ẹ́. Akọ̀wé béèrè pé, "Ta ló ṣe nǹkan yìí?"

Bàbá mi, tí wọ́n lè fi ìdajì ọjọ́ sọ bí wọ́n ṣe lẹ táyà kan, dáhùn pé, "Àwa ni."

"Àwa wo?"

Ní ilé wa, ẹni tó pe ọ̀wẹ̀ kì í dúró níwájú àwọn tó bá a ṣe é kí ó ní òun nìkan ló ṣe é. Bàbá mi bẹ̀rẹ̀ sí í kà á: Ràbíù tó gé dígí, ìyá mi tó rí ìrísí rẹ̀, Ìyá Àgbà tó lọ ọlọ, Tíṣà, Màlámù, Ìyá Eléwé, àwọn ọmọ. Akọ̀wé dá wọn dúró. "Bàbá, orúkọ kan ni ọ̀gá ń fẹ́. Ẹ mú ẹyọ kan."

"Ẹyọ kan kò lè yí i."

Akọ̀wé kọjú sí òyìnbó, ó sọ Gẹ̀ẹ́sì kúkurú kan. Mo há ìró rẹ̀ sórí bí ọmọdé ṣe ń há orin, kí n tó gbọ́ èdè náà. Nígbà tí mo wá gbọ́ ọ, mo mọ ohun tó wí: pé wọn kò mọ ẹni tó ṣe é. Irọ́ àkọ́kọ́ nìyẹn, ojú wa ni ó sì ti pa á. Lẹ́yìn náà ni ó ní àwọn fẹ́ yá àwo náà, kí àwọn ọ̀mọ̀ràn wọn lè yẹ̀ ẹ́ wò, kí òjò àkọ́rọ̀ tó rọ̀ àwọn á ti dá a padà. Ìyá mi sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́: "Kí ni n ó fi dáná títí di ìgbà náà?" Akọ̀wé rẹ́rìn-ín. "Ìyá, ṣé igi ti tán n'Íbàdàn ni?"

Òjò àkọ́rọ̀ rọ̀. Bàbá mi wọ aṣọ ṣọ́ọ̀ṣì wọn, wọ́n lọ sí ọ́fíìsì náà. Àwọn aṣọ́nà ní kí wọ́n padà wá. Wọ́n padà lọ, wọ́n ní ọ̀gá ti lọ sí ìlú rẹ̀ fún ìsinmi. Wọ́n tún lọ, akọ̀wé kan náà gba iwájú wọn kọjá, kò kí wọn. Bàbá Ràbíù ní, "Àkànjí, dígí wà nílẹ̀. Pe ọ̀wẹ̀, kí a ṣe òmíràn." Bàbá mi mi orí. "Bí mo bá ṣe òmíràn, mo ti pe ẹni tó yá a ní olè nìyẹn. Ẹni tó jẹ ẹ̀kọ mi." Ìwà tí wọ́n fi tọ́ wọn ni. Nínú gbogbo ìbínú mi, ibẹ̀ ni mo máa ń dúró lé jù: pé ìwà ọmọlúàbí bàbá mi ni wọ́n fi dè wọ́n lọ́wọ́. Ìyá Àgbà wí fún wọn, "Èéfín kò mọ ọmọlúàbí o." Àmọ́ bàbá mi ń dúró. Òòlù wọn ń dún, tíń, tíń, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ dín lẹ́nu wọn, wọn kò bá pọ́ǹpù sọ̀rọ̀ mọ́. Nígbà tí bàbá mi fi gbà pé wọn kò ní dá a padà, Bàbá Ràbíù ti kó lọ sí Ìsẹ́yìn, Ìyá Àgbà ti sùn tí wọn kò jí, kò sì sí ẹni tó mọ bí ọlọ náà ṣe ń lọ. Ìyá mi padà sídìí igi. Ojú wọn wá funfun bí ìgbà tí wọ́n bu ògì díẹ̀ sínú omi. Nígbẹ̀yìn, etí ni wọ́n fi ń mọ̀ pé ẹ̀kọ jinná, ọwọ́ mi ni wọ́n sì ń dì mú dé ọjà.

Mo ti lọ sí ọ́fíìsì náà fúnra mi. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó mọ̀wàáhù fún mi ní àga, ó ní, "Màmá, ó ti pẹ́ jù." Kò pẹ́ jù láti so páálí mọ́ ọn. Nítorí náà, mo ń béèrè níta gbangba lọ́wọ́ ẹ̀yin tí ọ́fíìsì náà wà lábẹ́ yín. Ta ló gba àwo náà lọ́wọ́ akọ̀wé yẹn, kí sì ni àwọn ọ̀mọ̀ràn yín rí nígbà tí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò? Kí ló dé tí òjò rọ̀ tí ẹ kò dá a padà? Nígbà tí bàbá mi dúró lẹ́nu géètì yín nínú aṣọ ṣọ́ọ̀ṣì wọn, ta ló wà nínú ilé tó mọ̀ pé wọ́n wà níbẹ̀? Ta ló sì jókòó, tó fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ ọ́ pé a kò mọ ẹni tó ṣe é? Bí páálí yín bá kéré jù fún orúkọ gbogbo wa, ẹ lọ wá èyí tó tóbi. Mo ń dúró de èsì yín, n kò sì ní dúró bí bàbá mi ṣe dúró.